Omi Inú Ike Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tí ẹ ti mú bírò jáde, ẹ dá a padà sínú báàgì, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ sílẹ̀. Pásítọ̀ Béjidé, mo kúnlẹ̀ fún yín. Ẹ ní kí n wá bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀ lórí bí Kristẹni ṣe lè jẹ́ àwòkọ́ṣe fún àwọn tó yí i ká, ẹ sì pè mí ní Ìyá Àpẹẹrẹ níwájú gbogbo ìjọ bí ẹ ṣe máa ń pè mí. Mo ti múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí mo rí nǹkan kan lẹ́nu ẹ̀rọ omi ilé mi ní Ìdó-Ọ̀ṣun, gbogbo ohun tí mo múra sílẹ̀ sì fò lọ lórí mi. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi kò tíì pé ogún ọdún, ṣùgbọ́n òtítọ́ ti bá a, ó sì gbọ́dọ̀ jáde kí ìsìn yìí tó parí, nítorí ẹ̀mí èèyàn wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Bí ẹ bá fẹ́ lé mi jáde lẹ́yìn náà, mo mọ ọ̀nà ẹnu géètì.

Ẹ̀yin àlejò tó wá láti Iléṣà lè má mọ̀ mí tán. Phebe Adéyọrí lorúkọ mi. Ọmọ Ọ̀tan-Ilé ni mí, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni mo ti ṣiṣẹ́ ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ mi ti lọ bá Olúwa rẹ̀, ilé tó kọ́ sí Ìdó-Ọ̀ṣun ni mò ń gbé, mo sì fi yàrá méjì tó wà lẹ́yìn háyà. Gbogbo wa la mọ òfin Ìjọ Kànga Àánú yìí: a kì í lo oògùn, ì báà jẹ́ ti òyìnbó, ì báà jẹ́ àgbo. Omi kànga wa ní Iléṣà, èyí tí a gbàdúrà sí, là ń mu. Láti ìgbà tí mo ti wọ ìjọ ni mo ti ń gbé ike omi mi kiri. Mo ń gbé e lọ sí ọ́fíìsì, mo ń gbé e lọ síbi ìsìnkú, kódà mo ń gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yìí tí omi ti kún inú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Àwọn ará ọ́fíìsì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé ló ti ń múná roko. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún mi pé ara òun ò yá, tó ń rò ó bóyá kí òun lọ sílé ìwòsàn, gbólóhùn kékeré kan ni mo máa ń sọ: "Wò mí." Wọ́n á wò mí, wọ́n á rí obìnrin tí ara rẹ̀ le koko, wọ́n á sì padà sídìí omi. Gbólóhùn yẹn dùn lẹ́nu mi ju oyin lọ, ẹ jẹ́ kí n má parọ́.

Nígbà tó yá, ara tí mò ń fi yangàn bẹ̀rẹ̀ sí í já mi kulẹ̀. Mo lọ kí àwọn ẹbí ní Iléṣà. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gbé àpò mi ni ojú mi ṣú, mo sì ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Kọ́ládé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni Kọ́ládé, ó ń ta oògùn nínú kẹ́míìsì kékeré kan lẹ́yìn ọjà, kò jìnnà sí ààfin Ọwá. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti so nǹkan mọ́ mi lápá, ó ń fún un pọ̀. Ó wo ojú ẹ̀rọ náà, ó wò mí, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní, "Yèyé, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru gan-an. Bí ẹ ò bá lo oògùn, èmi náà ni màá wá gbé òkú yín." Bí àwa Ìjẹ̀ṣà ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, a kì í fi igbá bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Mo bú u. Mo ní Sátánì ló ń ti ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù sì ń bà mí. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo ti gba oògùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ti mú un búra pé kò ní sọ fún ẹnì kankan. Ó ní òun búra, ṣùgbọ́n kí n lọ rí dókítà. Mi ò lọ.

Ẹ óò bi mí pé báwo ni mo ṣe ń lò ó tí ẹnikẹ́ni ò fi rí mi. Mo máa ń fi ìdí ṣíbí fọ́ hóró náà nínú àwo tíì títí á fi di ìyẹ̀fun, mo máa dà á sínú ike omi mi, mo máa mì í, mo sì máa gbàdúrà sí i. Àdúrà tọkàntọkàn ni o. Mo sọ fún ara mi pé nígbà tó ti wọnú omi àdúrà, kì í ṣe oògùn mọ́, omi ni. Àwọn hóró tó ṣẹ́kù ń bẹ nínú àpò Bíbélì mi yìí, níbi tí síìpù yìí wà, nítorí mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa tú Bíbélì Ìyá Àpẹẹrẹ wò. Ara mi padà bọ̀ sípò. Ẹ̀yin náà rí mi, ẹ yin Ọlọ́run nítorí mi, èmi náà bá yín yìn ín. Ohun tó ń rú mi lójú títí di bí mo ṣe dúró yìí ni pé mo yìn ín lóòótọ́. Ijó tí mo jó níwájú pẹpẹ yìí kì í ṣe ijó ẹ̀tàn. Mo gbà pé òun ló wò mí sàn, mo sì mọ ohun tó wà nínú ike. Báwo ni èèyàn ṣe ń fi ọkàn kan ṣoṣo gba méjèèjì gbọ́? Mi ò mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ̀, kó dákun sọ fún mi.

Ẹni tó mú kí ọ̀rọ̀ náà kọjá èmi nìkan ni Rùkáyà. Òun àti ọkọ rẹ̀, Abdulhameed, ló gba yàrá méjì ẹ̀yìn ilé mi. Abdulhameed ń wa bọ́ọ̀sì kékeré, Rùkáyà ń rán aṣọ ilé-ìwé. Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì nígbà náà, a ò sì jà rí. Bí wọ́n bá ṣe ọdún Iléyá, wọ́n á gbé ẹran wá fún mi, bí a bá ṣe Kérésìmesì, èmi náà á bu ìrẹsì fún wọn. Mo ṣàkíyèsí pé ọmọbìnrin náà máa ń wò mí. Ó ń wo bí mo ṣe ń dákẹ́ bí aládùúgbò bá bú mi, ó ń wo bí mo ṣe máa ń jẹ́ kí àwọn ayálégbé kọ́kọ́ pọn omi kí èmi onílé tó pọn. Lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin ni Kristẹni tí mo kọ́kọ́ rí tí kì í wàásù fún mi." Orí mi wú. Mo ní nínú ara mi pé ìwà ló ń wàásù. Orí fífọ́ kan wà tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́, nọ́ọ̀sì ilé ìlera àdúgbò wa sì ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́. Ní ọ̀sán kan, ó wá jókòó tì mí ní kọ́rídọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Fóònù mi dún nínú yàrá, mo wọlé lọ gbé e. Nígbà tí mo máa jáde, ó ti mu omi inú ike mi dé ìdajì.

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Kí n kàn ní, "Rùkáyà, oògùn wà nínú omi yẹn, dìde jẹ́ ká lọ rí nọ́ọ̀sì." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń wojú mi bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀, ó ní kí n má bínú, òun rò pé bóyá omi mi lè bá òun ṣe é ni. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní omi ìgbàgbọ́ ni, kó má bẹ̀rù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wá bá mi tayọ̀tayọ̀, ó ní orí òun fúyẹ́, ó tún tọrọ sí i. Mo fún un. Mo tún ń fún un. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ó ti wálẹ̀, ó béèrè ohun tó lò. Rùkáyà ní omi Ìyá Phebe ni. Bí òkìkí mi ṣe kàn nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi da omi síwájú, iyì ni mò ń tẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fọ́ ti Rùkáyà pọ̀ mọ́ tèmi, oògùn tí dókítà kò kọ fún un, tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń mu. Ẹni tó ní kí n kín òun lẹ́yìn, ẹ̀gún ni mo fi sọ́wọ́ dè é.

Kò pẹ́ tó fi ní òun fẹ́ sin Ọlọ́run tí mò ń sìn. A rì í bọmi nínú odò Ọ̀ṣun, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún tó jìnnà sí igbó àwọn olórìṣà Ọ̀ṣun, èmi ni mo sì fún un ní orúkọ Mọpẹ́olúwa tí ẹ̀yin ń pè é. Abdulhameed kò bínú jà. Ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́dọ̀ mi, ó ní, "Ìyá, mi ò fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ara ìyàwó mi yá. Wálláhì, bó bá jẹ́ pé ẹni tó dà bíi yín ló fẹ́ dà, mi ò lè dí i lọ́nà." Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn wá síbí, mo fi jẹ́rìí, ẹ pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun dé, ọkọ̀ gbé èmi àti Rùkáyà kọjá lẹ́bàá ọ̀nà igbó, a rí àwọn tó ń gbé omi odò náà lọ sílé nínú kẹ́ẹ̀gì kí wọ́n lè máa fi ṣe ìwòsàn. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín, Rùkáyà náà bá mi rẹ́rìn-ín. Lójijì ni mo pa ẹ̀rín náà mọ́. Kẹ́ẹ̀gì wọn àti kẹ́ẹ̀gì tiwa, àwọ̀ ìyeyè kan náà ni. Ó kéré tán, omi nìkan ló wà nínú tiwọn.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn bí mo ṣe ń sọ ọ́. Bàbá Fákúnlé tó jókòó síbẹ̀ yẹn, tí ọgbẹ́ ẹsẹ̀ wọn kọ̀ tí kò jinná, omi lásán ni mo fún wọn. Mi ò fi nǹkan kan sí i. Mo kàn gbàdúrà sí i nítorí mi ò fẹ́ kí ojú tì wọ́n. Ọgbẹ́ náà jinná. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn. Ṣé kí n wá sọ pé Ọlọ́run ò sí nínú omi ni? Mi ò lè sọ ọ́. Ṣé kí n sọ pé ó wà níbẹ̀? Kí wá ni mò ń fọ́ nínú àwo tíì? Bí mo bá rò ó síwá, mo máa rò ó sẹ́yìn, ibi kan náà ni mo máa ń padà sí.

Rùkáyà lóyún. Wọ́n ti ń retí ọmọ tipẹ́, ayọ̀ náà kún gbogbo ilé wa. Èmi náà ń yọ̀, títí mo fi rántí ohun tí mò ń fún un mu. Mo wọ mọ́tò, ó di Iléṣà. Mo díbọ́n fún Kọ́ládé pé ẹnì kan ló ní kí n bá òun béèrè, aboyún kan tó ń lo irú oògùn mi. Kọ́ládé gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó bi mí pé ta ló kọ ọ́ fún un. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Yèyé, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀, kó má sì máa lò ó lọ fúnra rẹ̀. Kó lọ rí dókítà." Gbogbo ọ̀nà láti Iléṣà sí Òṣogbo ni mo fi ń wá bí mo ṣe lè gbé ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ dókítà láì sọ ìdí rẹ̀. Mi ò rí i. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè ṣe tí àṣírí mi ò fi ní tú ni pé kí n dáwọ́ dúró. Mo dáwọ́ dúró. Omi kànga lásán ni mo wá ń bù fún un, mi ò sì sọ fún un pé nǹkan kan yí padà. Èmi ṣì ń mu tèmi.

Nígbà tí oyún náà dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ojú rẹ̀ náà wú, orí fífọ́ sì padà dé. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó fò sókè, ó ní kó máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo tààrà, kó má yà sílé rárá. Rùkáyà yà sílé. Ó ní omi òun ti wà nílẹ̀. Abdulhameed wá bá mi, ọkùnrin gíga yẹn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. Ó ní, "Ìyá, tiyín nìkan ló ń gbọ́. Ẹ kàn ní kó lọ. Ẹ ní Ọlọ́run ló sọ pé kó lọ." Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àpéjọ ńlá wa fẹ́ wáyé ní Iléṣà, níbi tí wọ́n ti fẹ́ fi mí joyè Ìyá Àpẹẹrẹ. Rùkáyà ló sì fẹ́ dìde sọ bí òun ṣe ti ara mi rí Jésù. Mo wo ọkọ rẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ ìborùn funfun tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ mi lọ́rùn ni mò ń rò. Kí ilẹ̀ má tíì gbé mi mì, ìborùn ni mò ń rò. Mo pe Rùkáyà. Ó jáde wá, ó ń fi ọwọ́ ra ògiri. Ó ní, "Ìyá, kí ni kí n ṣe?"

Mo ní, "Wò mí."

Ó wò mí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì padà sí yàrá lọ mu omi. Abdulhameed dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀.

Ìborùn náà ti wà lọ́rùn mi nígbà tí fóònù mi dún. Gìrì aboyún ló mú un lórí ẹní. Ọkọ rẹ̀ gbé e sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ó sá eré dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì rí ẹ̀mí Rùkáyà gbà. Ọmọkùnrin ni ọmọ náà. Kò ké. Mo gba ibẹ̀ lọ ní tààrà láti Iléṣà, mo gbé ike omi mi dání, ẹ gbọ́ o, mo gbé ike dání. Rùkáyà la ojú, ó rí mi, ó ní, "Ìyá, níbo ni ìgbàgbọ́ mi ti kéré?"

Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo rí ọwọ́ rẹ, má pa á. Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, mo ti fẹ́ parí. Ẹ̀yin tó ń sunkún, ẹ gbé ẹkún yẹn dúró ná, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè yẹn, mi ò dá a lóhùn pé, "Kò kéré níbì kankan." Mo ní kó yẹ ara rẹ̀ wò, bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí kò tíì jẹ́wọ́. Ó wá inú ara rẹ̀ títí. Ó rí i pé lọ́jọ́ kan tí orí fífọ́ náà pọ̀ jù, òun ra párásítámọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé, òun sì lò ó. Mo ní kó gbé e wá síwájú ìjọ. Ẹ rántí. Ibi tí mo dúró sí yìí ló dúró sí, omi ọmú ń rin àyà aṣọ rẹ̀ nítorí ara rẹ̀ ò tíì mọ̀ pé ọmọ kò sí. Ó jẹ́wọ́ pé òun ni òun pa ọmọ òun. Ẹ bá a sunkún, ẹ gbàdúrà fún un. Orí àga iwájú yẹn ni mo jókòó sí, mo gbé Bíbélì yìí lé itan, oògùn sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, mo dìde, mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ní Ọlọ́run ti dárí jì í. Ọwọ́ yìí ni mo gbé lé e. Bí mo bá fẹ́ fi jẹun, mo máa ń wò ó.

Láti ìgbà yẹn, Abdulhameed máa ń kí mi láì wojú mi. Ṣùgbọ́n Rùkáyà tún fara mọ́ mi sí i. Mo lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún Kọ́ládé, ó ní, "Yèyé, èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀." Mo mọ̀. Mo ti fẹ́ sọ fún Rùkáyà láìmọye ìgbà, mo máa ń yí ọ̀rọ̀ padà ni. Ìtìjú wà níbẹ̀, mi ò ní sẹ́ ẹ, àmọ́ ìtìjú nìkan kọ́. Ọmọbìnrin yìí ń gbàdúrà. Ó ń bẹ àwọn aláìsàn wò, ó máa ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní aṣọ ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, gbogbo ohun tí mo ṣe bí ẹni ń ṣe, òun ń ṣe é ní ti gidi. Bí mo bá sọ pé irọ́ ni mo fi mú un wọlé, ṣé kò ní bá ẹnu ọ̀nà jáde? Irọ́ ni ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n Ẹni tó bá nínú ilé kì í ṣe irọ́. Àbí irọ́ ni? Mo ti gbààwẹ̀ lé e lórí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Nísinsìnyí, ẹ wá gbọ́ ohun tí mo rí láàárọ̀. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé Rùkáyà ti tún lóyún, ẹ̀yin náà ń bá a dúpẹ́. Láàárọ̀ yìí, ó ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ, mo sì rí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Sílípáàsì Abdulhameed ni, èyí tó tóbi bí ọkọ̀ ojú omi. Mo ní kí ló dé tó ń wọ bàtà ọkọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní tòun ò gba òun lẹ́sẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ mélòó kan. Ó ní, "Orí ń fọ́ mi díẹ̀, Ìyá, ṣùgbọ́n mo ti mu omi." Ó wá wojú mi. Mo mọ ohun tó ń dúró dè. Ó ń dúró kí n sọ pé, "Wò mí."

Mo sá wọlé. Mo pe Abdulhameed lórí fóònù, mo ní kó gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ wá sẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, kó má sì pa ẹ́ńjìnnì. Ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó kàn wá. Ó ti dé, mò ń gbọ́ ìró ọkọ̀ náà láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀.

Rùkáyà, ìwọ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Orúkọ tí ìyá rẹ sọ ọ́ ni mo fi ń pè ọ́ láti àárọ̀, nítorí mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí èyí tí mo fún ọ. Ìgbàgbọ́ rẹ kò kéré níbì kankan. Kì í ṣe párásítámọ̀ ló pa ọmọ rẹ. Èmi ni mo fún ọ ní oògùn láì sọ fún ọ, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ láì sọ fún ọ, èmi ni mo sì mú ọ dúró níwájú àwọn èèyàn yìí láti ru ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mi ò tíì ní kí o dárí jì mí. Bóyá ó máa ṣeé ṣe lọ́jọ́ kan, bóyá kò ní ṣeé ṣe, èmi ni mo fọwọ́ mi fà á. Ohun tí mo fẹ́ tọrọ kéré sí ìyẹn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí o dìde, kí o wọ ọkọ̀ ọkọ rẹ lọ sílé ìwòsàn. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà níbẹ̀, kó wá sórí mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n ní kí n kọ́, mi ò mọ ohun tí mo lè kọ́ yín mọ́. Bóyá kí ẹ má ṣe wo èèyàn kankan títí débi pé ẹ ò ní lè bi í ní ìbéèrè. Bóyá ìyẹn náà kò tọ̀nà, nítorí Rùkáyà wo irọ́ tí mò ń pa, ó sì di olóòótọ́. Ó ti rú mi lójú. Ṣùgbọ́n mo ṣì mọ ohun kan tí mo lè ṣe níwájú yín. Ẹ wo síìpù Bíbélì yìí, mo ti ṣí i. Ẹ wo hóró yìí. Mi ò ní fọ́ ọ lónìí. Omi kànga Iléṣà rèé, mo ti gbàdúrà sí i, ẹ má bi mí ní ìdí.

Rùkáyà, wò mí.

Mo ti gbé e mì.

Ó ti dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ẹsẹ̀ yín sẹ́yìn, ẹ ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Bàtà ọkọ rẹ̀ ló wọ̀, kó má bàa kọsẹ̀.